Sítíkà Ara Ọkọ̀ Àti Oòrùn Òkè Ọya

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹni tí kò ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi owó tí ó kó jọ fún ọdún mẹ́wàá ra bọ́ọ̀sì, tí ó sì fẹ́ kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí i lára, yóò mọ̀ pé kì í ṣe eré rárá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti sítíkà tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Àwọn bàbá wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí a ń kọ sí ara ọkọ̀ rí. Láti ayé àwọn lọ́rì Bedford onípátákó, tí wọ́n fi ń kó obì lọ sí òkè ọya, ni àwọn átíìsì ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àgbà sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá a máa dá lọ́rì “Sùúrù Ló Gbà” mọ̀ láti òkèèrè, a sì máa fi orúkọ ọkọ̀ pe ẹni tí ó ni ín. Fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi, ìwúlò rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá kú sí àárín igbó lóru láàrin Jẹ́bà àti Mọ́kwá, tí awakọ̀ mìíràn tan iná sí i, tí ó sì rí “Orí Lóníṣe” lẹ́yìn rẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè pé ọmọ ibo ni, yóò dúró. Mo ti rí i kí ó ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ ti di ilà ojú fún ọkọ̀ wa.

Nísisìyí, sítíkà ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Èmi kò bá sítíkà jà. Iṣẹ́ rẹ̀ yá, ó mọ́ tónítóní, lẹ́tà rẹ̀ a sì máa gún régé nítorí pé kọ̀ǹpútà ní ń darí ẹ̀rọ tí ń gé e. Ojú tí a fi ń rà á ni mo ń bá jà. A ń wo àwọ̀ tí ó ń dán, a ń ná owó rẹ̀ wálẹ̀, a kì í sì béèrè bóyá ó lè gba ooru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Sábọ̀n Gàrí ní Kánò, ra bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó tún un kùn ní ọ̀dà búlúù tí ó dúdú dáadáa. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n kùn ún tán ni ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí ń ta sítíkà, ní àsìkò ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo ìlú. Ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti sí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí pé owó obì tí ìyá náà tà ni òun fi kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin, etí àwọn lẹ́tà náà ti ń ká sókè bí ewé gbígbẹ. Ti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lé róró bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Ìlà gọ́ọ̀mù dúdú kan yọ yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ká, eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ó fi pé ọdún méjì, àwọ̀ pupa rẹ̀ ti ṣá pátápátá. Ó ní kí ọmọ tí ń fọ ọkọ̀ yọ ọ́ kúrò. Ọmọ náà fi ọ̀bẹ ha á ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ọ̀dà bá a lọ, irin hàn síta, òjò dé, irin dógùn-ún. Orúkọ ìyá wá di ojú egbò lára ọkọ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tí ó dúró níwájú rẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀.

Gbogbo ará gáréèjì ni ó dá ẹni tí ó ta sítíkà lẹ́bi. Èmi kò gbè é, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé, ní ọjọ́ tí ooru bá mú àwa tí a dúró lábẹ́ igi dé ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ó ti sábà máa ń rí ní Sókótó àti Màídúgùri kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, irin ọkọ̀ tí ó wà nínú oòrùn gbangba a máa gbóná kọjá 60. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá dúdú, a tún máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, ẹ́ńjìnnì ń dáná sí i lábẹ́ bí oòrùn ti ń dáná sí i lókè.

Rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń pè ní vinyl ni a fi ń ṣe sítíkà ara ọkọ̀, ọ̀nà méjì pàtàkì sì ni a ń gbà ṣe é. Ọ̀nà kan ni pé kí a yọ́ rọ́bà náà, kí a fi rólà gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kí a sì máa fà á títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tí a fi agbára fà kì í gbàgbé ipò rẹ̀ àtijọ́. Bí oòrùn bá ti mú un, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, yóò sì fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ ní etí. Ìlà dúdú tí ẹ̀gbọ́n mi rí nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní “cast”. Olómi ni a ń dà á sílẹ̀, bí ìgbà tí a bá da ẹ̀kọ sínú ewé, a ó sì fi iná gbẹ ẹ́ láìfà á. Kò ní ipò àtijọ́ kan tí yóò máa fẹ́ padà sí. Èyí ni ó lè fara da ooru.

Ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé a máa ń fi àtàǹpàkò wọn sítíkà, a ó sì mú èyí tí ó nípọn, a ó ní òun ni alágbára. Òdìkejì ni ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí ó dára fẹ́lẹ́. Nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá ogún mìlímítà lọ. Ó wọ́n, èmi kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra èyí tí ó pọ́ọ́kú, tí ó tún san owó ọ̀dà àti owó panẹ́ẹ̀bítà lẹ́yìn ọdún méjì, kí ni ó jèrè? Ẹ má sì jẹ́ kí ọdún méje tàbí mẹ́wàá tí a kọ sára páálí rẹ̀ tàn yín jẹ. Ìlú tí oòrùn rẹ̀ kò le ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò náà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ó dúró ṣánṣán ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ọkọ̀, tí oòrùn ń wò tààrà láti òkè, ọdún rẹ̀ a máa dín kù gan-an. Bí ó bá ṣe tèmi ni, n kò ní lẹ nǹkan kan sí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní òkè ọya.

Bí sítíkà bá tilẹ̀ dára, ó kù síbi ọwọ́ tí ó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà tuntun ń mí. Oje tí a fi pò ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀; bí a bá bò ó mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, èéfín rẹ̀ yóò gbé sítíkà sókè, yóò sì lé róró. Ọ̀sẹ̀ kan ni ó kéré jù, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú a sì máa ní kí a dúró fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, kí a fi omi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kí a fi sípírítì nù ún, kí a sì lẹ̀ ẹ́ nínú ilé tí eruku ọyẹ́ kò dé. Nígbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́, kí a kọ́kọ́ mú un gbóná díẹ̀, kí a sì fà á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ àlòkù tí a tún kùn ni kí a ṣọ́ jù, nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ kì í sábà di irin mú bí èyí tí ó ti ilé iṣẹ́ wá.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn átíìsì wa pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wọn ń bínú, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Síbẹ̀, ta ni ó mọ bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ jù wọ́n lọ? Ta ni ó mọ ìgbà tí irin mọ́ tó? Àwọn gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́ iṣẹ́ sítíkà, kí a má fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì di búrọ́ọ̀ṣì mú rí. Wọn ìbá sì bá wa tún àkọtọ́ èdè wa ṣe. Mo rí ọkọ̀ kan ní Jọ́ọ̀sì tí ẹni tí ó ni ín fẹ́ kọ “Ọwọ́ Olúwa”, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó gé sítíkà fún un kò fi àmì kankan sí i. “OWO OLUWA” ni gbogbo wa ń kà, owó ni ó sì wá sí wa lọ́kàn. Ẹ̀rọ tí ń gé lẹ́tà lè gé àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ bí a bá ní kí ó gé e. Àwa ni a kì í béèrè.

Mo sì fẹ́ kí àwọn onílọ́rì má gbàgbé sítíkà mìíràn, èyí tí kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́: ọ̀já tí ń dá iná padà. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ ni ó wà nínú òmíràn, tí wọ́n ń dá iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ padà sí ojú awakọ̀ rẹ̀. Òun náà a máa ká etí bí a bá lẹ̀ ẹ́ sórí eruku, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà lórí tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tún bọ́ọ̀sì rẹ̀ kùn ní èṣí, funfun ni ó kùn ún lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró fún oṣù kan gbáko láìkọ nǹkan kan sí i, àwọn èrò sì ń bi í pé ṣé ó ti ta ọkọ̀ ni. Átíìsì àgbà kan ni ó fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ ìyá náà sí iwájú, lókè gíláàsì. Ọmọ átíìsì náà ni ó lẹ sítíkà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ó ti fi ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti fi í bọ̀, etí lẹ́tà kankan kò sì tíì ká.