Mẹ́mórì Kọ̀ǹpútà Gbówó Lórí: Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Ká Fi Owó Ẹgbẹ́ Ta Tẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́,

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí. Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan nínú wa tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ́ dìde, ó ní òun fẹ́ yáwó láti ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ òun tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ọgbà LASU tó wà níbẹ̀. Ó ní iye tí wọ́n pè fún òun lọ́dún tó kọjá kọ́ ni wọ́n ń pè báyìí. Oníṣòwò náà sọ fún un pé mẹ́mórì ló wọ́n, pé AI ló fà á. Ìyá wá bi wá pé, "Ta ni ń jẹ́ AI, kí ló sì kàn án nínú owó mi?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè gidi ni. Ẹlòmíràn tún dìde, ó ní bí ọjà yìí bá ti ń gun òkè, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ mú lára owó ilé tí a ń kó jọ, kí a fi ra mẹ́mórì àti láptọ́ọ̀pù pamọ́, kí a tà á nígbà tó bá wọ́n sí i. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ yẹn gan-an ló mú wa kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ìyá. Mẹ́mórì, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní RAM, ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ lé. Ó dà bí àtẹ lọ́jà. Yàrá ìkẹ́rù yín lè tóbi tó ilé, ṣùgbọ́n bí àtẹ bá kéré, ọjà díẹ̀ lẹ lè pa lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì máa wọlé, ẹ ó máa jáde, títí oníbàárà á fi bínú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà tí mẹ́mórì rẹ̀ kò tó ṣe máa ń fà bí ìgbín. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín náà ní tirẹ̀ nínú.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ń ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá mẹ́mórì tí gbogbo ayé ń lò: Samsung àti SK Hynix ní Korea, àti Micron ní Amẹ́ríkà. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi Microsoft, Google, Amazon àti Meta ti ń kọ́ àwọn ilé gọbọi tí wọ́n kó ẹ̀rọ kún, níbi tí ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í lo mẹ́mórì kékeré. Irú èyí tí wọ́n ń lò ni HBM, tí wọ́n ń to léra wọn ní ìpele mẹ́jọ tàbí méjìlá. Micron fúnra rẹ̀ ti sọ pé láti ṣe ìwọ̀n kan nínú HBM, ohun èlò tí a bá fi ṣe é tó èyí tí a fi ń ṣe ìwọ̀n mẹ́ta nínú mẹ́mórì tí kọ̀ǹpútà lásán ń lò. Ìdí nìyí tí mẹ́mórì àwa mẹ̀kúnnù fi ń dín kù bí ti àwọn ọlọ́lá ṣe ń pọ̀ sí i.

Ìyá ẹlẹ́ja yóò tètè mọ ohun tí a ń sọ. Bí ọkọ̀ ẹja bá gúnlẹ̀ láàárọ̀, tí àwọn tí ń rà fún hòtẹ́ẹ̀lì Èkó bá ti wà létí omi pẹ̀lú owó ńlá, kí ni yóò kù fún ẹni tó mú abọ́ kan wá láti ra èyí tí yóò dín? Ẹni tó ń ta ẹja ò kórìíra oníabọ́ o. Ibi tí owó pọ̀ sí ni ọjà ń wọ́ lọ. Ti mẹ́mórì tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú omi lẹja wà tí wọ́n ti rà á tán. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, SK Hynix kéde pé èyí tí òun yóò ṣe ní gbogbo ọdún 2026 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní olówó tán. Nínú oṣù kan náà, Samsung àti SK Hynix bá OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ni ChatGPT, ṣe ìwé àdéhùn ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń fojú sun àwo mẹ́mórì tó 900,000 lóṣù. Nígbà tó di oṣù Ọ̀pẹ, Micron kéde pé òun yóò fi ọjà Crucial sílẹ̀, ìyẹn mẹ́mórì tí òun ń tà fún àwọn èèyàn lásán, kí òun lè gbájú mọ́ àwọn oníbàárà ńlá. Láàárín oṣù díẹ̀ nínú ìparí ọdún náà, owó mẹ́mórì DDR5 lókè òkun ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ ó bi wá pé, kí ló dé tí wọn ò ṣe sí i? Ìdí méjì ni. Èkíní, ilé-iṣẹ́ mẹ́mórì kì í ṣe ibi tí a ń lọ gàrí. Ọdún bíi mélòó kan ni kíkọ́ rẹ̀ ń gbà. Èyí tí Micron ń kọ́ ní Boise ní Amẹ́ríkà, ọdún 2027 ni wọ́n ní yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú nǹkan jáde. Èkejì, ojú wọn ti rí màbo rí. Ní ọdún 2023, mẹ́mórì pọ̀ lọ́jà débi pé owó rẹ̀ wálẹ̀ wàì. Samsung nìkan pàdánù ju tírílíọ̀nù 14 owó won ti Korea lọ ní ẹ̀ka ṣíìpù rẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Àwọn kan á ní wọ́n ti lẹ̀dí àpò pọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn, nítorí ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 300 dọ́là fún Samsung àti mílíọ̀nù 185 dọ́là fún Hynix nítorí pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò ta mẹ́mórì. Ṣùgbọ́n a ò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni lónìí. Ohun tí a rí ni pé bí àwọn tó ń tajà bá jẹ́ mẹ́ta péré, kò dìgbà tí wọ́n bá ṣèpàdé kí ọjà tó wọ́n.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹrù ọ̀hún wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí dọ́là la fi ń rà á. Dọ́là tó jẹ́ bíi náírà 460 lójú ìwọ̀n ìjọba kí oṣù Okúdù ọdún 2023 tó dé ìdajì, ó ti kọjá náírà 1,400 nínú ọdún 2024. Tòkunbọ̀ pàápàá ò ní ṣàì wọ́n, nítorí bí tuntun bá wọ́n lókè òkun, ẹni tó ni àlòkù kò ní tètè jù ú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni a ò lè ní a ò ní í lò ó. Láti 2015 ni JAMB ti fi kọ̀ǹpútà rọ́pò bébà. Àwọn ọmọ wa ní LASUSTECH ní Ìkòròdú ń lò ó, àwọn tó ń tẹ̀wé fún aráàlú ń lò ó, ìwé àkáǹtì ẹgbẹ́ wa pàápàá inú rẹ̀ ló wà.

Ní báyìí, a padà sórí àbá tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. A kò fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá ra mẹ́mórì pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 jèrè, a ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbẹ̀ tó wà láàárín wa mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ṣe ń rí: ọdún tí gàrí bá wọ́n, gbogbo ayé a gbin ẹ̀gẹ́, bó bá yá, gàrí a kún ọjà, ẹni tó kó o pamọ́ a máa wá ẹni tó máa rà á. Bí mẹ́mórì ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè sọ oṣù tí yóò já wálẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ nígbà tí owó ilé wà nínú páálí, ta ni yóò san án padà? Owó opó wà nínú rẹ̀, owó ẹni tó ń fi àádọ́ta-àádọ́ta náírà kó o jọ nígbà kan rí wà nínú rẹ̀. Alájẹṣẹ́kù là ń jẹ́. Ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ kù, kì í gbé èyí tó ṣẹ́ kù lọ síbi tẹ́tẹ́.

Ìkejì, àwọn wo la fẹ́ tà á fún? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa náà ni! Ṣé a ó wá fi owó ìyá ẹlẹ́ja ra ọjà, kí a tún fi jẹ èrè lórí ìyá ẹlẹ́ja?

Ohun tí àwa rí pé ó yẹ nìyí:

1. Kí àwọn tó nílò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ẹgbẹ́ lọ bá oníṣòwò kan tàbí méjì dúnàá-dúrà ní Computer Village n'Íkẹjà, kí a rà á pọ̀ ní iye tí wọ́n bá gbà, láìfi èrè lé e. Kódà kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ọdún 1935 tó dé ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ti ń kó kòkó wọn pọ̀ tà. Bí a ṣe ń tà pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà la lè rà pọ̀.

2. Ẹni tí tiẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kó ní sùúrù. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ tó mọṣẹ́, kó gbọn eruku inú rẹ̀, kó wò ó bóyá mẹ́mórì díẹ̀ la lè fi kún un. Ẹ má yáwó ra tuntun nítorí pé aládùúgbò ra tirẹ̀.

3. Ẹ má ta kọ̀ǹpútà tó ti kú fún àwọn oní-páǹda lójú lásán. Mẹ́mórì inú rẹ̀ lè ṣì dára, ó sì ti lówó lórí báyìí. Ẹ yọ ọ́ ná.

4. Nígbà tí ọjà bá wọ́n ni ayédèrú ń pọ̀. Ẹ má sanwó kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ lójú yín, kí ẹ sì rí iye mẹ́mórì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì.

Ní ti ìyá wa, ẹ̀bẹ̀ wa sí kọ̀mítì ni pé kí wọ́n buwọ́ lu owó tó fẹ́ yá. Ẹ̀kọ́ ọmọ kì í dúró de ọjà. Ẹni tó yáwó ra èyí tí yóò lò yàtọ̀ sí ẹni tó yáwó ra èyí tí yóò fi pamọ́ tà.

Èrò tiwa nìyí. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó gbé e wá sí ìpàdé gbogbogbòò, kí a jọ dìbò lé e. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́.