Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ Ọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ń bẹ ní Kánò, ẹ ó rántí pé ìpàdé wa fi ẹnu kò láti máa tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan fún àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ilé-ìwé girama, kí wọ́n lè máa kọ ìtàn àròsọ àti ewì sínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá. A ké sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ ìpè. Ohun tí a bá nínú àwọn ìwé náà ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Púpọ̀ nínú wọn ni ó dán gbinrin. Ìtàn ọdẹ tí ó wọ igbó kìjikìji lọ bá iwin jà pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó kọ ọ́ kò wọ igbó rí, àfi pápá gbígbẹ tí a ń gbà kọjá bí a bá ń lọ sí Kàdúná. A pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kí ó wá ka tirẹ̀ sí wa létí. Nígbà tí ó dé ìlà kẹta, ó dúró. A bi í léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà kò purọ́ fún wa. Ó ní bàbá òun ni ó kọ ìdajì, ChatGPT inú fóònù sì kọ ìyókù.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà níbẹ̀ tí kò ju ojú ewé kan àti ààbọ̀ lọ. Àṣìṣe kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Haúsá sì pọ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni ó kọ ọ́, nípa ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ mú lọ sí Ọ̀fà nígbà Iléyá. Ìyá àgbà kúnlẹ̀, ó ń ki ọmọ náà ní oríkì, ọmọ kò sì mọ ohun tí à ń ṣe bí a bá ń ki ènìyàn. Ó fi Haúsá dáhùn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọmọ náà gbọ́ tí ìyá àgbà ń bi bàbá rẹ̀ pé, "Bí ìwọ bá jáde lọ, ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé?" Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní èdè rẹ̀ kò mọ́, wọ́n sì ní yóò dójú ti àwọn òbí ọmọ náà, yóò sì dójú ti ẹgbẹ́ wa lójú àwọn ará ilé. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Nínú gbogbo ohun tí a rí gbà, ìtàn yìí nìkan ni ó sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fẹ́ sọ. Bí a bá fi ìtàn dídán bò ó mọ́lẹ̀, ta ni a ń tàn jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a rántí Amos Tútùọlá. Ọdún díẹ̀ ni ó lò ní ilé-ìwé, ìránṣẹ́ ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Èkó. Ó fi ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Kristẹni kan tí ń tẹ ìwé ní Lọ́ńdọ̀n. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi í ṣọwọ́ sí Faber and Faber, ó sì jáde ní 1952. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn, tirẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ayé fi ń kà á títí di òní. Ẹ wo Fágúnwà pẹ̀lú. Olùkọ́ ni ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ó fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ du ìdíje ní 1936, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1938. Níhìn-ín ní òkè Ọya, Abubakar Imam, olùkọ́ ní Katsina, fi Ruwan Bagaja ránṣẹ́ sí ìdíje tí a ṣe ní 1933. Nígbà tí ó di 1939, òun ni olóòtú Gaskiya Ta Fi Kwabo ní Sàríà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jókòó de ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fi í ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ kọ nípa Sabon Gari, nípa àwọn tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri, nípa ọyẹ́, nípa ọkọ̀ òru tí ń gbé wa lọ sílé. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà kí ẹ lè mọ irú ohun tí wọ́n ń tẹ̀, kí ẹ má sì kọ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ibi méjì, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì mọ̀. Bí ọ̀kan bá gbà á, ẹ tètè sọ fún èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó, ẹ fi lọ àwọn òbí yín ná. Ẹni tí ó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lè wo Polyphony Lit, tí a dá sílẹ̀ ní Chicago ní 2004, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama fúnra wọn ti ń ka iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Bí wọn kò bá sì gba iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe sunkún. Ẹ tún un kà, ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi í ránṣẹ́ síbòmíràn.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ẹ mọ èdè ju àwọn ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn ń rí ní ìlú yìí, àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fi àmì ohùn hàn wọ́n, ẹ sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọn kò mọ̀ fún wọn. Ẹ má ṣe gba kálàmù lọ́wọ́ wọn. Ìwé tí bàbá bá kọ fún ọmọ kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, àfi bí a ti ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe tẹni.

A ó tẹ ìtàn ọmọbìnrin náà. Òun àti ìyá rẹ̀ ti gbà, a kò sì ní dárúkọ wọn. A bá a tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe níṣojú rẹ̀, ṣùgbọ́n a fi Haúsá tí ọmọ inú ìtàn náà sọ sílẹ̀ bí ó ti wà. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà bá jáde, kí olúkúlùkù wa mú ẹ̀dà kan lọ sílé nígbà Iléyá tàbí nígbà Kérésìmesì, kí ọmọ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kà á sí ìyá àgbà létí. Bí ó bá kọsẹ̀ níbì kan, ìyá àgbà yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀rọ̀ yóò sì di ọ̀rọ̀ láàrin wọn.