Ẹṣin Aláìsàn Tí A Gbà Tọ́

Àánú ẹṣin tí ó rù a máa ṣe ènìyàn, pàápàá ẹṣin kékeré tí ẹni tí ó ni ín ti lò gbó, tí ó sì pa tì. Ṣùgbọ́n kí ará Ṣàpọ́n tí ó fẹ́ gba irú rẹ̀ tọ́ wo ìta ná: ọjà àti ọkọ̀ ti gba ilẹ̀, koríko dà?

Ní 1930, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Dorothy Brooke, dé Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó bá àwọn ẹṣin tí a ti tà lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, tí wọ́n ń fi egungun lásán fa ẹrù. Ó tọrọ owó, ó ra nǹkan bí 5,000, ó sì dá ilé ìwòsàn ẹṣin sílẹ̀ ní 1934. Èyí tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ìwòsàn, ó bọ́ ọ, ó fún un ní ìsinmi, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí a pa á láìsí ìrora. Àwọn mìíràn yóò pe èyí ní ìkà. Àánú tòótọ́ ni.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, eṣinṣin tsetse ni ọ̀tá. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ pẹ́ nínú igbó. Ẹṣin tí ń jẹun tí ó sì ń rù, tí abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kì í ṣe àgbo ni ó ń fẹ́ bí kò ṣe dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Kí a máa gé pátákò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Kí ará Ṣàpọ́n sì bá ìbátan rẹ̀ tí ó ní ilẹ̀ ní oko sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣán igbó yí ilé ẹṣin ká, kí ó tó san owó.