Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ: Ta ni yóò ṣọ́ oko lọ́wọ́ iná?

Tí ọ̀rọ̀ kan bá tètè tàn ká ìlú, àwa Yorùbá á ní ó ràn bí iná ọyẹ́. Ẹni tó ń gbé ìgboro lè máa sọ ọ́ bí àṣà ẹnu lásán. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ní oko kòkó l'Óǹdó tàbí l'Ọ́ṣun, tàbí ẹni tó gbin kajú sí agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òkè-Ògùn. Wọ́n á sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ti tó fún iná láti jó iṣẹ́ ogún ọdún.

Nǹkan bí oṣù Kọkànlá ni ọyẹ́ máa ń wọlé, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di oṣù Kejì tàbí Ìkẹta ọdún tó tẹ̀lé e. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á fa gbogbo omi ara ewé gbẹ. Ẹ̀kan, bẹẹrẹ àti igbó tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ewé Akíntọ́lá, gbogbo wọn á wá dà bí ìṣáná tó ń dúró de ẹni tí yóò ṣá a. Àsìkò yìí gan-an ni kajú ń yọ òdòdó, àsìkò yìí náà sì ni ewé gbígbẹ máa ń pọ̀ lábẹ́ kòkó.

Igi kòkó kì í fara da iná. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ewé tó ti já sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni iná sì máa ń rá gbà wọlé díẹ̀díẹ̀. Tó bá jó, àgbẹ̀ á tún un gbìn, á sì dúró bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó rí èso. Ẹ rántí pé lọ́dún 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tí oko rẹ̀ jóná lásìkò yẹn, owó tó fò ó dá kì í ṣe kékeré.

Ta ló ń dá iná náà?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nílẹ̀ wa níbí, kì í ṣe àrá ló ń dá iná sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, ọwọ́ èèyàn ni. Àgbẹ̀ kan ń sun pàǹtí oko rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé e kọjá. Ọdẹ kan fi iná lé ọ̀yà jáde. Ẹlòmíì ń fi èéfín lé oyin. Darandaran kan sun koríko gbígbẹ kí tuntun lè tètè hù fún màlúù. Ẹnì kan dáná oúnjẹ lóko, kò pa á tán kó tó lọ sílé. Ẹnì kan sọ sìgá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká máa yára nàka. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, bí oko bá ṣe ń jó báyìí, orúkọ ẹ̀yà kan ni wọ́n ti máa ń dá kí ẹnikẹ́ni tó wádìí. Àwọn àgbà ní bí a bá sun oko, bí a bá sun ìjù, màjàlà ní í ṣòfófó. Òótọ́ ni, àmọ́ màjàlà kì í dárúkọ ẹni tó ṣáná. Ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí lè dá iná míì sílẹ̀ láàárín ìlú, èyí tí omi kò lè pa.

Ṣé ká kàn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sun igbó mọ́?

Gbogbo ọdún ni ìjọba máa ń kìlọ̀. Dídáná sun irè oko olóko tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn. Kí wá ló dé tí iná kò dáwọ́ dúró?

Àkọ́kọ́, iná ni lébìrà tó dínwó jù lọ fún tálákà. Àgbẹ̀ tí kò ní katakata, tí owó oògùn apakoríko ti kọjá agbára rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ gun ọ̀kadà ní ìgboro, kí lẹ fẹ́ kó fi ṣán oko? Bí a bá ní kó má sun ún, tí a kò fún un ní ohun míì, òru ni yóò sun ún, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Iná tí èèyàn dá ní ìkọ̀kọ̀, tó sì sá kúrò nídìí rẹ̀, ló léwu jù.

Ìkejì, àwọn panápaná kò sí ní abúlé. Ìgboro ni ilé iṣẹ́ wọn pọ̀ sí. Ẹ lè pe 112 lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ wọn kò lè gba ojú ọ̀nà oko wọlé. Kí wọ́n tó débẹ̀, eérú ni wọ́n á bá.

Ohun tí Gánà kọ́

Àwọn ará Gánà ti rìn ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ọ̀dá tó mú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1982 sí 1983 mú kí iná igbó jó ọ̀pọ̀ oko kòkó níbẹ̀. Kòkó tí wọ́n kó jọ ní sáà 1983 sí 1984 wálẹ̀ sí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 159,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná nìkan kọ́ ló fà á. Lọ́dún 1983 yẹn kan náà, ìjọba ológun ṣòfin tó le lórí iná igbó. Ṣùgbọ́n òfin láti olú ìlú kò ní ojú tó lè rí inú igbó. Lọ́dún 1990, wọ́n ṣe òfin míì tó gbé iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò fúnra wọn: ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iná igbó, àti àwọn olùyọ̀ǹda tí àwọn panápaná ń kọ́ níṣẹ́.

Iná kò tíì tán ní Gánà o. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí oko rẹ̀ lè jó gan-an ló yẹ kó wà nídìí ìpinnu.

Amẹ́ríkà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo bàálù apaná wọn, ti gbà bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, iná pa èèyàn 85 ní ìlú Paradise àti agbègbè rẹ̀ ní California. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti rí i pé ẹyín iná kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbé ló ń jó ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe ọwọ́ iná ńlá. Ilé kan tó bá gbiná á tún kó ran tẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ètò kan tó ń jẹ́ Firewise USA, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, fi ń kó àwọn aládùúgbò jọ láti jùmọ̀ ro àyíká ilé, kí wọ́n má sì fi ohun tó lè gbiná sílẹ̀ nínú ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí ara ògiri.

Kí la lè ṣe nílé?

Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí wa. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ti wà kí òyìnbó tó dé. Ohun mẹ́rin ni abúlé kan lè fẹnu kò lé lórí níwájú baálẹ̀, kí òjò tó dá:

Àkọ́kọ́, kí wọ́n jùmọ̀ ro àyíká oko kí ọyẹ́ tó mú. Kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ó kéré tán, kó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí koríko bá ga. Kí wọ́n gbá ewé ibẹ̀ kúrò débi tí ilẹ̀ yóò hàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù létí oko kòkó náà máa ń ṣèrànwọ́.

Ìkejì, kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n lè sun oko. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kí èèyàn tó pọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi àti ewé tútù. Ẹni tó bá fẹ́ sun tirẹ̀, kó sọ fún aládùúgbò. Kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí iná yóò fi kú pátápátá.

Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ ọdẹ wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kí àwọn darandaran tó ń gbé àyíká sì rán aṣojú wá. Ẹni tí a kò bá pè sípàdé kò ní pa òfin ìpàdé mọ́.

Ìkẹrin, kí wọ́n fẹnu kò ṣáájú lórí owó ìtanràn, àti bí wọ́n ṣe máa ran ẹni tí oko rẹ̀ bá jó lọ́wọ́.

Ibi tó ṣòro wà níbẹ̀ o. Iná kò mọ ààlà. Bí àgbẹ̀ mẹ́sàn-án bá ro àyíká oko wọn, tí ẹni kẹwàá ń gbé l'Ékòó, tí oko rẹ̀ ti di igbó, ibẹ̀ ni iná máa gbà wọlé. Opó tó ní kòkó ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò lágbára àtiro ilẹ̀, ń kọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ yẹ kó dá sí èyí: owó iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ro ojú ààlà, bọ́ọ̀tù àti ohun èlò fún àwọn tó ń pa iná. Owó yẹn kò lè tó ohun tí iná ń jó.

Àjọ NiMet máa ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, àwa náà sì ń kà á lórí afẹ́fẹ́. Ìgbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ọyẹ́ máa le, tí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́, ẹ fi ìṣáná sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí akéde sì lu agogo fún àwọn tí kò ní rédíò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí abúlé yín kò bá tíì ṣèpàdé lórí èyí, ẹ lọ bá baálẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Iná ò ní dúró de ìjọba.