Ẹ Jẹ́ Ká Mú Àwọn Ọmọ Lọ Wo Ẹyẹ



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ sí Richmond Park. Létí omi tí wọ́n ń pè ní Pen Ponds, àwọn ẹyẹ kéékèèké kan ń fò lọ fò bọ̀, wọ́n ń mú kòkòrò jẹ. Ẹ̀yìn wọn dú bí aró, ọ̀fun wọn pupa, ìrù wọn sì là sí méjì. Ọmọ mi mọ orúkọ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, “Mọ́mì, kí la ń pè é ní Yorùbá?” Mo ní, “Ẹyẹ ni.” Ó rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni. Ẹyẹ wo?”

Ojú tì mí. Nígbà tí ọ̀kan bà lé ọgbà, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé. Kíá ni wọ́n dáhùn: “Alápàńdẹ̀dẹ̀ mà nìyẹn! Àṣé ó wà lọ́dọ̀ yín náà?”

Ó wà, ṣùgbọ́n àlejò ìgbà ooru ni. Oṣù kẹrin ni ọ̀pọ̀ wọn ń dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, wọ́n á padà sí Áfíríkà. Ní ọdún 1911, John Masefield fi òrùka sí ẹsẹ̀ ọ̀kan ní Staffordshire. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹyẹ tí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ ló ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tó ń fo nǹkan bíi kìlómítà 10,000! Àwọn mìíràn láti Yúróòpù máa ń sùn ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River ní Nàìjíríà.

Èrò mi nìyí: kí ilé ẹ̀kọ́ wa ya Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, ká kó àwọn ọmọ lọ sí páàkì. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á ní wákàtí méjì tí a ní lọ́sẹ̀ kò tó kọ́ ABD, áḿbọ̀sì ti ẹyẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti rí àwòrán ẹyẹ nínú ìwé rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò bi mí ní nǹkan kan. Páàkì ló ti béèrè, kò sì tíì gbàgbé ìdáhùn.

Àdàbà, ẹyẹlé, pẹ́pẹ́yẹ, òwìwí, àṣá: gbogbo wọn ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Èyí tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, kí ọmọ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Yorùbá: ẹyẹ kékeré aláyà pupa. Ìyẹn náà ẹ̀kọ́ ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀dọ̀ mi ni orúkọ yẹn ì bá parí sí. Bí ìyá mi kò bá sí mọ́, ta ni ǹ bá bi?

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pe àgbà kan nílé, kó béèrè orúkọ ẹyẹ kan tí kò mọ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ àṣetiléwá yìí kàn yín náà o.