Ráútà tòkunbọ̀, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́: Ta ni kí oníbàárà dì mú nígbà tí àléébù bá yọjú?

Láti Àjàǹgbádì dé Òkòkòmáíkò, títí wọ Ìbà, agbára káká ni ènìyàn yóò fi rí ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í lo íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó tó gba yàrá síbẹ̀ ń fi kàwé, oníṣòwò ń fi gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun ń fi rí ojú ọmọ. Dátà sì ti gbówó lórí, pàápàá láti oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, tí àjọ NCC fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù láṣẹ láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Nítorí náà, kò ṣàjèjì mọ́ kí àwọn ayálégbé dáwó jọ láti máa lo ìlà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kékeré tó ń bá wọn pín in ni ráútà.

Ọjà Alábá kò jìnnà sí wọn, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kan náà ni. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ráútà tuntun lè rí tòkunbọ̀ rà, oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì lè bá a yọ sọ́fítíwíà tí iléeṣẹ́ fi sínú rẹ̀ kúrò, kó fi èyí tí wọ́n ń pè ní OpenWrt rọ́pò. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwíà náà, ó sì máa ń sọ ẹ̀rọ àtijọ́ di ọ̀tun. Wàhálà dé lọ́jọ́ tí nǹkan bá dojú rú. Ẹni tó ta ẹ̀rọ lè ní sọ́fítíwíà ló fà á. Ẹni tó fi sọ́fítíwíà sí i lè ní àwọn tó kọ ọ́ lókè òkun ni kí wọ́n lọ bi. Àwọn ti òkè òkun náà yóò sì ní àwọn kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn mẹ́ta yìí, ta ni oníbàárà yóò dì mú?

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni, ó yẹ ká mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ìparí ọdún 2002 ni iléeṣẹ́ Linksys gbé ráútà WRT54G jáde. Nígbà tó di ọdún 2003, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tú u wò, wọ́n sì rí i pé Linux ni wọ́n fi ṣe sọ́fítíwíà inú rẹ̀. Ìwé àṣẹ tó de Linux, tí wọ́n ń pè ní GPL, sọ pé ẹni tó bá fi irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ sínú ọjà tó ń tà kò gbọdọ̀ fi kóòdù rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó rà á. Iléeṣẹ́ Cisco, tó ra Linksys lọ́dún náà, kó kóòdù ọ̀hún síta. Láti ara rẹ̀ ni OpenWrt ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kan náà tó fún aráyé ní kóòdù tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í kà dé. Ó ní kò sí ìdánilójú kankan lórí sọ́fítíwíà náà, àti pé bó bá ní àléébù, ẹni tó ń lò ó ni yóò ru ẹrù àtúnṣe rẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú sí àwọn tó kọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń bínú sí oníṣòwò tó gbowó rẹ̀, ó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Èyí kò wá sọ pé wọn kì í ṣàtúnṣe. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni àléébù sọ́fítíwíà ṣe ń sá pamọ́ sínú kóòdù. Àléébù kan wọ inú OpenWrt lọ́dún 2017, ó dọdún 2020 kí wọ́n tó rí i tí wọ́n sì ṣe é. Òun ló lè jẹ́ kí ọ̀daràn ti ayédèrú sọ́fítíwíà sínú ráútà ẹlòmíràn. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2024, onímọ̀ ààbò kan tún fi àléébù mìíràn tó wọn létí, láàárín wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n sì ti tún un ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbowó náà kò bọ́ nínú irú rẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn ọ̀daràn fi sọ́fítíwíà burúkú VPNFilter gba ẹ̀rọ tó tó 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54, ráútà Linksys, Netgear àti TP-Link sì wà lára wọn.

Ibi tí ewu wà gan-an ni pé àtúnṣe kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú ráútà. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ fi í síbẹ̀, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ lè gbà á. Láti ẹ̀dà OpenWrt tó jáde lọ́dún 2021, ráútà tí àyè ìpamọ́ rẹ̀ kò bá tó mẹ́gábáìtì 8, tí ìrántí rẹ̀ kò sì tó 64, kò lè gba ti tuntun mọ́. Ẹ̀dà 19.07 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró sí, ọdún 2022 sì ni àtúnṣe ti dópin lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ lónìí ti ra ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó mọ́. Ọ̀daràn tó bá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ lè darí ẹni tó fẹ́ lọ sí ìkànnì báńkì rẹ̀ sí ayédèrú. Gbogbo ayálégbé tó dáwó ni yóò fara gbá a.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti dáhùn ìbéèrè ta ni kí á dì mú. Òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá, ọdún 2024, gbé ẹrù ààbò lé orí ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ tàbí sọ́fítíwíà láti tà, kò sì gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ẹni tó ń kọ kóòdù fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejìlá, ọdún 2027, ni gbogbo òfin náà yóò múlẹ̀ pátápátá. Ní Nàìjíríà, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, àti pé ẹni tó ń ta ọjà tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba pé kì í ṣe tuntun. Àjọ FCCPC ló ń mú un ṣẹ. Òfin méjèèjì fi ẹnu kò síbì kan: ọwọ́ tó gbowó ni kí á dì mú.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó bi oníṣòwò tàbí oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Èkíní, ẹ̀dà wo ló wà nínú ráútà yìí, ṣé àtúnṣe ṣì ń jáde fún un? Èkejì, ta ni yóò máa fi àtúnṣe náà sí i, èló ni yóò sì gbà? Ẹ̀kẹta, bó bá dojú rú láàárín oṣù kan, ṣé wọn yóò gbà á padà? Kí ìdáhùn náà wà lórí rìsíìtì.

Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ náà ní ohun tó tọ́ sí wọn. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó rí àléébù, kó sọ orúkọ ẹ̀rọ, kó sọ ẹ̀dà tó wà nínú rẹ̀, kó sì to ohun tó ṣe kó tó dojú rú lẹ́sẹẹsẹ. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọn yóò tún ṣe. Èébú kò lè tún ráútà kankan ṣe. Ẹni tó fi ọ̀fẹ́ ṣe ni lóore, ọpẹ́ ló tọ́ sí i. Ẹni tó ta oore náà fún ni lówó, òun ni kó wá jíhìn.