Tarzan Kò Mọ Ọ̀nà Àpòmù

Ẹ̀yin àgbà Ìkirè, ẹ̀yin ọmọ Àpòmù, etí mi ti kún. Bí wọ́n bá ti gbé fíìmù Tarzan àtijọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á mi orí: “Ṣé irọ́ ni? Báyìí náà kúkú ni àwọn baba wa wà nínú igbó kí òyìnbó tó dé.” Mo gbọ́ ọ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mo gbọ́ ọ nídìí dòdò Ìkirè. Àná, ẹni tó kàwé ló tún sọ ọ́. Ó tó gẹ́ẹ́.

Edgar Rice Burroughs tó kọ ìtàn Tarzan kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Nínú fíìmù ọdún 1932 tí Johnny Weissmuller ti ṣe Tarzan, erin Íńdíà ni wọ́n so etí àtọwọ́dá mọ́ kó lè jọ ti wa. Ẹ̀rí yín nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká fi erin sílẹ̀. Nínú fíìmù yìí kan náà, aláàárù dúdú já bọ́ látorí àpáta, òyìnbó sì ń bèèrè ohun tó wà nínú ẹrù. Kò lórúkọ, kò nílé. Igbó wọn kò lọ́jà, kò lọ́nà. Ṣé Àpòmù nìyẹn? Igbó ni ilẹ̀ wa lóòótọ́, n kò jiyàn. Àárín igbó yẹn gan-an ni ọjà Àpòmù wà, lórí ilẹ̀ Ifẹ̀: ará Ọ̀yọ́ ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ wá ná an, Ìjẹ̀bú ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, Òwu náà ń bẹ níbẹ̀. Ṣé orí ìtàkùn ni wọ́n ń gbà wá? Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí ará Ọ̀yọ́ gbé lọ́jà náà, àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu, ọba Òwu, pé kó dá a dúró. Nígbà tó yá, ará Òwu àti Ìjẹ̀bú jà lórí ataare lọ́jà kan náà, ogun Òwu sì bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1820. Òwu tú. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, kí Weissmuller tó bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹranko. Ìjínigbé burú, ogun burú. N kò sọ pé áńgẹ́lì ni wá. Àmọ́ ẹni tó ń ránṣẹ́ síra wọn lórí ọ̀rọ̀ ọjà ni wá, a kò jókòó de òyìnbó oníbàǹtẹ́ kó wá gbà wá.

Wọ́n ní ó kéré tán, àwọn onífíìmù òyìnbó fún dúdú níṣẹ́. Orlando Martins, ọmọ Èkó, bá wọn ṣe fíìmù Sanders of the River ní 1935. Ní 1957 ó tún di olóyè inú igbó fún Tarzan. Iṣẹ́ ni, iyì kọ́.

Wọ́n ní eré lásán ni. Eré lásán wo ló ń mú àgbàlagbà bú baba rẹ̀?

Bó bá jẹ́ igbó lẹ ń fẹ́, Fágúnwà ti gbé ọdẹ tiwa wọ Igbó Irúnmalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ láti 1938. Ẹ̀yin oníṣẹ́ fíìmù, ẹ wá ya ọjà Àpòmù. Ẹ ti ya ilé olówó Lẹ́kí tó. Bí ẹ kò bá yà á, ẹ má pariwo mọ́ pé òyìnbó ló bà wá lórúkọ jẹ́.